Kátúùnù Rama: níbo ni ìṣẹ́jú márùn-ún náà gbà lọ?

Bí ọ̀rọ̀ fíìmù kátúùnù Ramayana: The Legend of Prince Rama bá ti délẹ̀ báyìí, ẹnìkan á ṣáà yọjú tí á ní ìjọba Íńdíà fòfin dè é, pé èyí tí wọ́n ti gé ló wà lórí àwo DVD tí wọ́n ń tà. Wọn kì í dárúkọ òfin náà, wọn kì í sì í sọ ọdún tó jáde. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n ní: “Ìṣẹ́jú 135 ni fíìmù yìí, kò sì tó 130 lórí tèmi.”

Ká tètè kúrò lórí ti òfin. Lóòótọ́, nígbà tí ariwo gba ìlú ní 1983 pé Yugo Sako, ará Jàpáànù, fẹ́ fi Ramayana ṣe fíìmù, Vishva Hindu Parishad, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà, kọ̀wé pé àjèjì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtàn mímọ́ àwọn. Ìwé ẹ̀hónú kì í ṣe òfin. January 1993 ni wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Delhi, níbi àjọ̀dún fíìmù tí ìjọba Íńdíà fúnra rẹ̀ ń ṣe, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n wó mọ́ṣáláṣí Babri ní Ayodhya, ìlú Rama, tí ilẹ̀ ṣì ń gbóná. Nígbà tó yá, Cartoon Network ń fi han àwọn ọmọdé Íńdíà. Òfin wo ló ń de fíìmù báyẹn?

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwòrán 24 ni fíìmù sinimá ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní Íńdíà, bíi ti Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní PAL ni wọ́n fi ṣe é, àwòrán 25 sì ni PAL ń fẹ́. Ẹni tó ń gbé fíìmù sórí àwo PAL kì í lọ ya àwòrán kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ńṣe ló máa mú kí fíìmù sáré díẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò. Ìṣẹ́jú 135 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 8,100. Ní ọ̀nà 24, àwòrán 194,400 nìyẹn. Ẹ pín in sí 25, ó di ìṣẹ́jú àáyá 7,776, ìyẹn ìṣẹ́jú 129 àti àáyá 36. Àwòrán ẹyọ kan ò sọnù. Ohùn á kàn fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i, tí ẹni tó ṣe àwo náà ò bá tún un ṣe. Kódà ohùn Amrish Puri, tó sọ̀rọ̀ fún Ravana, ọ̀tá Rama, lédè Híńdì, kò ní ki tó bó ṣe yẹ. NTSC, ìlànà tẹlifíṣọ̀n ti Jàpáànù àti Amẹ́ríkà, kì í sáré: apá kan àwòrán ni wọ́n ń fi hàn lẹ́ẹ̀mejì láti dí àlàfo, ìdí nìyẹn tí 135 fi ń jẹ́ 135 níbẹ̀.

Àlàyé yìí kì í wọ̀ wọ́n létí. Ẹ mú aago nígbà náà. Orin tó gba ìṣẹ́jú méjì géérégé lórí NTSC á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 115 lórí PAL. Ẹ wọn ìran mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí gbogbo wọn bá fi nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 dín, eré ni wọ́n bá a sá. Bí ibì kan bá fò tí ibi tó kù pé, wọ́n gé e.

Gígé gidi wà o, Amẹ́ríkà ló sì ti ṣẹlẹ̀. The Prince of Light, tó jáde níbẹ̀ ní 2001, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 96 lọ. Bí ẹ bá gbọ́ James Earl Jones tó ń sọ ìtàn, tí Bryan Cranston ń sọ̀rọ̀ bíi Rama, èyí tí wọ́n gé lẹ ní lọ́wọ́. Kò kan ìjọba Íńdíà.

N ò ní búra fún gbogbo àwo tó wà láyé ṣá. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n lè ti pàdánù díẹ̀ níbi ìpolówó ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wá fi ti PAL kún un.

Èyí tó yẹ kó máa ká yín lára ni 4K. Látìgbà tí fíìmù náà ti padà sí sinimá Íńdíà ní 4K ní January 2025, kò ní ṣòro fún ọlọ́jà láti lẹ 4K mọ́ ohunkóhun. Ìlà 2,160 ni àwòrán 4K ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. DVD PAL ò ju 576 lọ, ti NTSC jẹ́ 480. DVD tí wọ́n kọ 4K sí lẹ́yìn, irọ́ ni. Tó bá wá jẹ́ fáìlì ni wọ́n ń tà, ẹ dá a dúró níbi tí ojú Sita, ìyàwó Rama, ti súnmọ́ yín. Bó bá ń dán bí ẹni fi òróró pa á, tí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ yà sára adé Ravana sì ti yọ́ pọ̀, DVD àtijọ́ ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà fẹ̀ lójú.