Dísìkì méjì nínú kọ̀ǹpútà kan: ibi tí RAID ti ń da èèyàn lọ́kàn rú

Láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 tí Microsoft ti fi òpin sí ìtọ́jú Windows 10, àwọn èèyàn ń bi mí léèrè nípa Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Àwọn tó yan Debian 13 (ẹ̀yà Linux kan), tí ẹ̀rọ wọn sì ní dísìkì méjì, ibì kan náà ni wọ́n ń há sí: ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n pín dísìkì, tí ọ̀rọ̀ RAID sì yọjú.

Kí ni RAID?

Ọ̀nà tí a fi ń so dísìkì pọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa lò wọ́n bí ẹyọ kan. Patterson, Gibson àti Katz ní Yunifásítì Berkeley ló gbé orúkọ náà jáde nínú ìwé wọn ọdún 1988. Nínú RAID 1, ohun tó bá wọ dísìkì kìíní ló ń wọ ìkejì. Bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ ń lọ.

RAID 0 ńkọ́?

Ńṣe ló ń pín fáìlì sórí dísìkì méjèèjì, kò sí ààbò níbẹ̀. Dísìkì kan kú, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ṣé mo máa ra ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn?

Rárá. Linux fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

Níbo la ti ń ṣìnà?

Nínú èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yan ext4 (ọ̀nà tí Linux fi ń to fáìlì) lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó máa wá RAID kiri. RAID ló ń ṣáájú, ext4 ló ń gun orí rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ pín dísìkì, ẹ yan Manual. Lórí sda (dísìkì kìíní; sdb ni ìkejì), ẹ kọ́kọ́ gé 512 MB fún EFI System Partition, ìpín tí ẹ̀rọ ti ń rí ohun tó fi ń dìde. Ẹ gé ìyókù, ṣùgbọ́n ẹ fi bíi 1 GB sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí dísìkì tí ẹ máa rà lọ́la lè kéré sí ti òní díẹ̀, RAID kò sì ní gbà á. Níbi Use as, ẹ yan physical volume for RAID. Ẹ ṣe bákan náà gẹ́lẹ́ lórí sdb. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wọ Configure software RAID, kí ẹ mú RAID1. Tí ẹ bá padà, ẹ óò rí RAID1 device lókè. Orí rẹ̀ ni kí ẹ fi ext4 àti / (ibi tí Linux fúnra rẹ̀ máa wà) sí.

Kí ló dé tí EFI kò fi wọ RAID?

Nítorí ẹ̀rọ ń ka ìpín yẹn kí Linux tó jí rárá. FAT, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń to fáìlì, ló mọ̀, kò mọ RAID ti Linux.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Dísìkì kìíní kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Gbogbo fáìlì wà digbí lórí ìkejì, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú, kò rí ohun tí yóò fi dìde. Mi ò fi nǹkan kan sínú EFI ti dísìkì kejì.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ pe àṣẹ dpkg-reconfigure grub-efi-amd64 (ó ń to GRUB, ètò tó ń jí Linux), kí ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni nígbà tó bá béèrè nípa removable media path. Ẹ wá da gbogbo ohun tó wà nínú /boot/efi kọ sínú EFI kejì. Nínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ ìpín tí Linux máa ṣí, ẹ fi nofail kún ìlà /boot/efi. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Linux á máa wá ìpín tó ti kú fún ìṣẹ́jú àáyá 90, á sì já yín sí emergency mode.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọ̀kan ti kú?

Ẹ tẹ cat /proc/mdstat. [UU] ni pé ara àwọn méjèèjì le. [U_] tàbí [_U] ni pé ọ̀kan ti lọ. Ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan lórí dísìkì kan ṣoṣo láìjẹ́ kí ẹ fura. Bí iná bá lọ lójijì, ẹ lè rí resync (mímú kí dísìkì méjèèjì bára mu) níbẹ̀ tí iná bá dé. Ẹ jẹ́ kó parí.

Kí ló yẹ kó bà mí lẹ́rù jù?

Kí ẹ máa rò pé RAID ni ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́, orí dísìkì méjèèjì ló ti pa rẹ́. Olè kì í sì í gbé dísìkì kan fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ ní ẹ̀dà kẹta níbòmíràn.

Kí n tó kó fọ́tò àwọn ọmọ mi sí i ńkọ́?

Ẹ dúró kí resync parí, kí ẹ wá dán an wò bóyá dísìkì kan lè dá dìde. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ okùn sda, ẹ tàn án. Bó bá dìde, ẹ pa á, ẹ dá okùn padà, kí ẹ fi mdadm /dev/md0 --add /dev/sda2 dá a padà sínú ẹgbẹ́. Ẹ dúró títí [UU] á fi padà, kí ẹ tó ṣe bákan náà fún sdb, kí ẹ sì fi sdb2 dípò sda2. Orúkọ lè pààrọ̀ tí okùn bá yọ, ẹ fi lsblk wò ó kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.