Yàrá tí ìṣirò ní 40 tó fún, tí ilẹ̀ gba táìlì 42

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ kóòdù kọ gbà pé áàpù tó ń ṣírò táìlì kò ju iṣẹ́ ìlà mẹ́ta lọ: fi ìbú yàrá sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀, fi ìwọ̀n táìlì kan pín in, kí o sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e nítorí èyí tó máa fọ́. Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe. Ilẹ̀ ni kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo yàrá tó gùn ní mítà 4.2, tó fẹ̀ ní mítà 3.1, pẹ̀lú táìlì 60 sí 60 sẹ̀ntímítà. Áàpù onílà mẹ́ta á sọ pé 40. Bí mẹ́rin bá wà nínú páálí, páálí 10 nìyẹn.

Ẹ wá tò ó. Ní ìbú, táìlì odidi márùn-ún gba mítà 3, ó ku nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 10. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi irú tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, torí ó máa ń ṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ìgé, bí ògiri bá sì wọ́ díẹ̀, ibẹ̀ ni ojú ti máa kọ́kọ́ rí i. Odidi mẹ́rin ló máa fi sáàárín, á wá gé èyí tó tó sẹ̀ntímítà 34 sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Àgékù tó bá ṣẹ́ kù kò tó sẹ̀ntímítà 27, kò lè di ègé mìíràn. Gígé kọ̀ọ̀kan ti jẹ odidi táìlì kan nìyẹn. Mẹ́fà lórí ìlà kan, ìlà méje: 42. (Ní gígùn, méje kò wọlé láìgé pàápàá: àlàfo mẹ́fà tó wà láàárín àwọn táìlì, tó jẹ́ mìlímítà 3-3, ti gba mìlímítà 18.)

Páálí 10 ti dín méjì, kí ìkankan tó fọ́. Tí ẹ bá sì padà lọ ra páálí kan lẹ́yìn náà, ó lè má jẹ́ èyí tí wọ́n jọ sun pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì yàtọ̀ lójú.

Ìlànà tó yẹ kó wà nínú kóòdù nìyí: bí ohun tó kù lẹ́yìn àwọn odidi kò bá tó ìdajì táìlì, yọ odidi kan, dà á pọ̀ mọ́ ìyókù, kí o pín in sí méjì. Kí áàpù náà béèrè ìwọ̀n ibi mẹ́ta lórí ìbú àti ibi mẹ́ta lórí gígùn, kó lo èyí tó tóbi jù. Ògiri kì í sábà tọ́.

Ẹni tó ń lẹ táìlì náà ní ohun tó máa kọ́ lára kóòdù. Nínú ọ̀pọ̀ èdè kóòdù, 0.1 + 0.2 máa ń di 0.30000000000000004. Ẹ fi 0.1 pín in, kí ẹ gbé e sókè sí odidi, 4 ló máa fún yín dípò 3. Mìlímítà odidi ni kí ẹ máa fi ṣírò, ìyẹn parí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó lo áàpù náà, ẹ fi yàrá tí wọ́n ti lẹ tán dán an wò. Bí iye rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tó wọlẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìdá mẹ́wàá yẹn. Ẹ wá ìlànà tó sá mọ́ yín lọ́wọ́.