Ibi tí káàdì gíráfíìsì tí kì í pariwo ti ṣẹ̀ wá

Bí wọ́n bá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ ṣe káàdì gíráfíìsì (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán sójú rẹ̀) tó ń tutù láìpariwo, ọ̀pọ̀ èèyàn á dárúkọ Zalman, ilé iṣẹ́ ará Kòríà. Àwọn mìíràn á ní ìgbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró fúnra rẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Páìpù ooru ni ìyá iṣẹ́ yìí, inú kọ̀ǹpútà kọ́ ni wọ́n sì bí i sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn dáadáa. Ní nǹkan bí ọdún 1836, ìdílé Perkins ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀pá irin kan tí wọ́n dí lókè nísàlẹ̀, tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìdí ọ̀pá náà á wà nínú iná. Omi á hó, èéfín rẹ̀ á gòkè, á gbé ooru sílẹ̀ lókè, á tún di omi, á sì ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣí ọmọrí ìkòkò rí, tó rí omi tó ń kán lára rẹ̀, ti fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà. Bóyá ibẹ̀ ni àwọn Perkins ti kọ́ ọ. Lójú tèmi, kì í ṣe inú ìwé ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ wá.

Àbùkù ọ̀pá yìí ni pé iná gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Bí o bá dojú rẹ̀ dé, omi ò ní í rọ́nà padà. Richard Gaugler, tó ń ṣiṣẹ́ ní General Motors, ló ronú ọ̀nà àbáyọ ní 1942: ó fi nǹkan bí òwú àtùpà sínú rẹ̀, kí òwú máa fa omi bó ṣe ń fa epo. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tó hùmọ̀ náà ní 1944, àmọ́ wọn ò lò ó. Àwọn kan ń tìtorí ìwé yẹn gbé ògo fún un. Mi ò bá wọn jiyàn púpọ̀, torí George Grover ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ní 1963, ní ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà, ó ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé ooru kúrò lára ẹ̀rọ iná átọ́míìkì tí wọ́n fẹ́ lò ní òfuurufú. Lọ́hùn-ún, kò sókè, kò sísàlẹ̀. Òwú nìkan ló lè dá omi padà. Òun ló sọ ọ́ ní páìpù ooru, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Nígbà tó di 1967, ọ̀kan ti wà lójú òfuurufú.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, káàdì gíráfíìsì kò tíì mọ ooru. Àwọn ti IBM ní 1981 kò ní nǹkan kan lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì Voodoo àkọ́kọ́ ti ilé iṣẹ́ 3dfx ní 1996. Ní 1999, Voodoo3 ru heatsink lásán, ìyẹn irin tó ń gba ooru tú sínú afẹ́fẹ́, káàdì GeForce 256 sì ru fáànù. Nígbà tí GeForce FX 5800 Ultra dé ní 2003, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń fi í wé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé kúrò nílẹ̀.

Àwọn àgbà ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sọ irú ẹni tí fáànù jẹ́ gan-an: ẹlẹ́bẹ̀ ni, kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mo ti tú irú fáànù kékeré bẹ́ẹ̀ lára káàdì kan. Eruku ti di bí òwú láàárín abẹ́ rẹ̀, epo ìdí rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń han bí ìrẹ̀ lóru.

Ohun tí Zalman ṣe dára gan-an. Nínú àpótí kọ̀ǹpútà tó nàró, chip káàdì, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń gbóná, máa ń dojú kọ ilẹ̀, ooru rẹ̀ á sì há sábẹ́ káàdì. ZM80, ohun èlò ìmútutù wọn, fi heatsink alumíníọ́mù kan síwájú, òmíràn sẹ́yìn, páìpù ooru sì gba etí káàdì kọjá láti so wọ́n pọ̀, kí ẹ̀yìn lè bá iwájú tú ooru dànù. Ọmọ ìran Grover ni.

Àwọn tó ń fa wáyà fáànù sórí iná fóltì 7 dípò 12, kí ó lè máa yí díẹ̀díẹ̀, ní tiwọn ló ṣáájú. Òótọ́ ni pé bí eré fáànù bá dín kù sí ìlàjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 15 wálẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà ni, ohùn ló rẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, chip fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iná díẹ̀: káàdì GTX 750 Ti, wáàtì 60, ní 2014; GT 1030, wáàtì 30, ní 2017, tí heatsink kékeré tó fún. Fáànù tó ń dúró bí iṣẹ́ bá fúyẹ́ náà dé. Lórí GTX 1650, ilé iṣẹ́ Palit ṣe KalmX tí kò ní fáànù rárá, tó ń jẹ wáàtì 75, gbogbo iná tí PCI Express, ihò tí káàdì ń wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, lè fún un. Ẹ wo abẹ́ heatsink rẹ̀: páìpù ooru ló ń gba chip kọjá.