Bí wọ́n ṣe ń kan gìtá béèsì nílé l'Ékòó

Ara gìtá béèsì ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń náwó lé. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tí wọ́n bá ti fa okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ohùn wọn, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn yẹn ju ìwúwo 70 kílò lọ, tọ̀sán-tòru. Igi tí kò bá gbẹ dénú kò lè gbà á. Á tẹ̀, okùn á ga kúrò lórí fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn, ìka á sì máa ro ẹni tó ń ta á.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ra pákó l'Ékòó kò fi gbọ́dọ̀ fi ayùn kàn án lọ́jọ́ náà. Orí ọ̀sà ni wọ́n ti máa ń wọ́ púpọ̀ nínú gẹdú Èkó wá, torí náà omi ṣì lè wà nínú rẹ̀. Wọ́n á to pákó náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò ti pa á, wọ́n á sì fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín pákó kan àti èkejì. Kí wọ́n máa gbé e sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa fi pẹ́ńsù kọ ìwúwo rẹ̀ sí i lára. Ìgbà tí ìwúwo yẹn kò bá wálẹ̀ mọ́ ni pákó ṣetán. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó wá èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbẹ.

Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ Èkó lọ́rinrin, inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù sì gbẹ. Béèsì tí wọ́n kàn ní Ṣómólú, tó wá lọ ń gbé inú irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, igi rẹ̀ á sún kì, ṣùgbọ́n irin fúrẹ́ẹ̀tì kò ní sún kì. Etí irin á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, á máa họ èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀yẹ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gánwó dára fún ara, afárá náà dára. Fún ọrùn, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ sàn ju odindi kan lọ: wọ́n á dojú ìṣàn igi ti àárín kọ ti àwọn méjì yòókù, tí ọ̀kan bá fẹ́ wọ́, èkejì á dì í mú. Àárín rẹ̀ ni wọ́n á gbẹ́ kòtò sí fún truss rod, irin tí wọ́n ń yí láti mú ọrùn tọ́. Ìrókò le, ó bá ojú ọrùn mu, àmọ́ èérún rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń dá ọ̀fun láàmú. Kí wọ́n bo imú dáadáa.

Ibi fúrẹ́ẹ̀tì ni ìṣirò wà. 34 íńṣì ni gígùn okùn tó ń dún lórí béèsì tó wọ́pọ̀ jù, ìwọ̀n tí Leo Fender, aṣegìtá ará Amẹ́ríkà, lò fún béèsì rẹ̀, Precision Bass, ní 1951. Tí wọ́n bá fi 17.817, iye tí àwọn tó ń kan gìtá máa ń lò, pín 34, 1.908 ló máa jáde: ibẹ̀ ni fúrẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wà. Ó ku 32.092. Tí wọ́n bá tún fi 17.817 pín ìyẹn, 1.801 ni àyè tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kéré bọ̀ títí dé fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí 17 íńṣì gẹ́lẹ́. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ìṣirò ti yẹ̀. Láti òkè ọrùn, níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ni kí wọ́n ti máa wọn gbogbo wọn, kì í ṣe láti fúrẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, torí àṣìṣe bíńtín tó bá gun ara wọn lórí nígbà ogún ti di ohun tí etí ń gbọ́. Ayùn káfíńtà lásán sì ti nípọn jù fún ojú tí fúrẹ́ẹ̀tì máa wọ̀. Ẹsẹ̀ fúrẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ há sínú igi fúnra rẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù, ohun tó ń gbé ìró okùn lọ sínú àńpù, kò le láti mọ̀: òòfà ni, tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ariwo iná ló yẹ kó káni lára. 50 Hz ni iná wa, ìyẹn ni pé ó ń mì nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, okùn tó nípọn jù tí wọ́n bá tẹ̀ ní fúrẹ́ẹ̀tì kẹta sì jẹ́ 49 Hz. Ariwo náà ti wà láàárín ohùn béèsì gan-an, bọ́tìnì àńpù kankan kò lè yọ ọ́ láìyọ orin mọ́ ọn. Píkọ́ọ̀pù oníwáyà méjì tí wọ́n wé lódìkejì ara wọn máa ń pa á. Kí wọ́n tún fi bébà bàbà tẹ́ inú kòtò wáyà, kí wọ́n so ó mọ́ wáyà ilẹ̀ (ground) gìtá náà, kí wọ́n so bíríìjì, irin tó di okùn mú lára gìtá, mọ́ ọn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn tí okùn bá wọlé, wọ́n á tẹ okùn kan mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì kìíní àti èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní àárín kò yẹ kó ju ìnípọn káàdì ìkíni kan lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á mú truss rod le, ìlàrin yípo kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì tún un wò. Ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, tí ohùn tí wọ́n tẹ̀ bá ga ju èyí tí wọ́n kàn fọwọ́ kàn lásán lọ, wọ́n á fa gàárì okùn náà, irin kékeré tí okùn gùn lé, sẹ́yìn lórí bíríìjì títí méjèèjì yóò fi bára mu. Ọrùn tuntun ṣì máa ń mì díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà wọ́n á tún gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe kí béèsì tó kúrò nílé.