Lọ́jíìkì ń dà mí láàmú: ìbéèrè àbúrò mi kan l'Ákùúrẹ́

Àbúrò mi kan tó wà ní yunifásítì l'Ákùúrẹ́ pè mí lálẹ́, inú ń bí i, torí kọ́ọ̀sì GST (General Studies, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe) tí wọ́n ń pè ní Philosophy, Logic and Human Existence. Ẹ̀ńjìnníà ló fẹ́ dà, ó ní kí ló kan òun kan fìlọ́sọ́fì. Mo kọ ohun tá a jọ sọ síbí torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n, lékíṣọ̀ wa ní argument kan "valid", irọ́ ló dẹ̀ wà nínú ẹ̀. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Gbọ́ èyí: gbogbo ará Àkúrẹ́ ló ń gbin kòkó, ará Àkúrẹ́ ni màmá ẹ, torí náà màmá ẹ ń gbin kòkó. Ìwọ náà mọ̀ pé aṣọ ni màmá ẹ ń tà l'Ọ́jà Ọba, wọn ò ní igi kòkó kan ṣoṣo. Àmọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ ló bàjẹ́, kì í ṣe bá a ṣe so wọ́n pọ̀, torí tí méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, kò síbi tí ẹ̀kẹta fẹ́ gbà tó fi máa jẹ́ irọ́. Valid ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aristotle ará Gíríìsì ti to irú ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn.

Kí wá ni wọ́n ń pè ní affirming the consequent?

Àṣìṣe kéèyàn rí àbájáde, kó wá ní ohun kan pàtó ló dájú pé ó fà á ni. Tí iná bá lọ, bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé yín máa ń tan jẹ́nẹ́rétọ̀. O gbọ́ gbùrùrù, o ní iná ti lọ. Rárá o, ó lè jẹ́ mẹkáníìkì ló ń tún un ṣe.

Èyí tí mi ò gbà ni ti káàdì mẹ́rin yẹn. Mo rò pé mo gbà á, wọ́n dẹ̀ ní mo fẹ́lì.

Há, èyí ni mo fẹ́ràn jù! Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ló gbé e jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1966. Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì, lẹ́tà wà lójú kan, nọ́ńbà wà lójú kejì, ohun tó o rí ni A, D, 4 àti 7. Òfin ni pé tí fáwẹ̀lì bá wà lójú kan, nọ́ńbà tó ṣe é pín sí méjì dọ́gba gbọ́dọ̀ wà lójú kejì. Èwo lo máa ṣí láti mọ̀ bóyá òfin yẹn dúró? Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú A àti 4, ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ àbí? A dáa. Àmọ́ kí lo fẹ́ fi 4 ṣe, fáwẹ̀lì wà lẹ́yìn ẹ̀ o, kò sí o, òfin ò bàjẹ́. 7 ló yẹ kó o ṣí, torí tí fáwẹ̀lì bá lọ wà níbẹ̀, òfin ti já nìyẹn.

Wá wo ti ilé ọtí kan lójú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn. Òfin ni pé ẹni tó bá ń mu bíà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ẹnì kan ń mu bíà, ẹnì kan ń mu mọ́ọ̀tì, ẹnì kan ti pé 25, ẹnì kan jẹ́ 16. Ta lo máa yẹ̀ wò? O ti mọ̀ ọ́n kí n tó parí ọ̀rọ̀: ọjọ́ orí ẹni tó ń mu bíà, àti kọ́ọ̀pù ọmọ ọdún 16. Ìbéèrè kan náà ni o! Àwọn olùwádìí méjì, Griggs àti Cox, dán irú ẹ̀ wò ní Florida lọ́dún 1982, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbà á. Leda Cosmides, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn míì, ní ọpọlọ wa ló mú gan-an láti fi ṣọ́ oníwàyó. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀: nílé ọtí, à ń wá ẹni tó rú òfin, nídìí káàdì, ohun tó máa tì wá lẹ́yìn là ń wá kiri.

Kí ni màá wá fi ṣe nínú ẹ̀ńjìnníà?

Tí ẹ̀rọ kan bá ń kú, tó o ní wáyà báyìí ló fà á, má kàn máa ka iye ìgbà tí wáyà yẹn gbóná tí ẹ̀rọ dẹ̀ kú. Lọ wo ìgbà tó gbóná tí ẹ̀rọ ò kú. Bó o ṣe máa ṣe nìyẹn tí wọ́n bá fi àgbo tó ń wo gbogbo àrùn ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, béèrè àwọn tó mu ún tí ara wọn ò yá.

Ó pè mí padà lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti gbé káàdì yẹn fáwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, A àti 4 ni gbogbo wọn mú, òun ló dẹ̀ ṣàlàyé 7 fún wọn.