Níbo gan-an ni lẹ́tà ti ń jáde lábẹ́ ìka?

Lábẹ́ bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù tí ó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì, kò sí ju rọ́bà rírọ̀ kan tí a ṣe bí ọmọrí ìkòkò lọ. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, rọ́bà náà yóò kọ́kọ́ ta kú, yóò wá rọ̀ lójijì, ìgbà tí ó bá sì kanlẹ̀ ni lẹ́tà tó jáde. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ fi máa ń gbá bọ́tìnì bí ẹni ń kan ìṣó: ó ti mọ́ ọn lára pé bí òun kò bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní wọlé.

Kíbọ́ọ̀dù tí à ń pè ní mẹkáníkà kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní suwíìṣì tirẹ̀, lẹ́tà a sì ti jáde kí ìka tó dé ìsàlẹ̀. Èyí tí ayé fi ń wọn àwọn yòókù ni suwíìṣì MX, tí ilé iṣẹ́ Cherry gbé jáde ní àwọn ọdún 1980. Ìrísí rẹ̀ náà ni àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi Gateron àti Kailh wá ń ṣe lẹ́yìn náà. Bí a bá ṣí ọ̀kan, a óò bá sípíríǹgì kan, ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi wúrà sí ojú ibi tí wọ́n ti ń kan ara wọn, nítorí wúrà kì í dípẹtà, àti ọ̀pá ike kan tí ó ń lọ sókè sódò. Ọ̀pá yìí ní ẹsẹ̀ kéékèèké méjì tí wọ́n ti ọ̀kan nínú àwọn ewé náà sẹ́yìn kí ó má baà kan èkejì. Bí a bá tẹ ọ̀pá wálẹ̀, ẹsẹ̀ á yẹ̀ lọ́nà, àwọn ewé á kan ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀ pé wọ́n tẹ bọ́tìnì. Yàtọ̀ sí bí sípíríǹgì ṣe le tó, bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá yìí ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ìka ń mọ̀ lára. Àwọ̀ ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ẹsẹ̀ ti pupa dán láti òkè délẹ̀. Agbára 45 cN (sẹ́ńtínítọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n agbára) ni ó ń fẹ́, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwúwo gíráàmù 45 lọ. Bí ìka bá ti rin mìlímítà 2 nínú 4 tí ó wà nílẹ̀, lẹ́tà ti jáde, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun tí ó ta ìka lólobó. Ọwọ́ tí ó bá gbé ara lé bọ́tìnì díẹ̀ lè kọ ohun tí kò sí lọ́kàn ẹni. Ti dúdú kò yàtọ̀ sí i, àfi pé sípíríǹgì rẹ̀ le dé 60 cN, ọmọńdinrín ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ráhùn.

Lára ẹsẹ̀ ti búráùn, wọ́n fi kókó kékeré kan sí i. Ewé irin gbọ́dọ̀ gun kókó náà kọjá, ìka á sì mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ bá gun òkúta wẹ́wẹ́. Òun ni wọ́n máa ń dárúkọ fún ẹni tí kò tíì mọ èyí tí yóò mú, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kókó náà kéré débi pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá kò ní mọ̀ pé òun kọjá lórí nǹkan kan.

Ti búlúù ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Ọ̀pá rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ike búlúù wà nínú, ike funfun kan sì wà lára rẹ̀ bí ẹ̀wù tí ó fẹ̀ ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀wù yìí ni ó ni kókó àti ẹsẹ̀. Bí ike búlúù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ewé irin á dá ẹ̀wù dúró lọ́rùn kókó, agbára á máa pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 60 cN, kókó á wá yọ, ẹ̀wù á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbá ilé suwíìṣì nísàlẹ̀: "kàà!" Nítorí pé ẹ̀wù kan náà ni ó gbé ẹsẹ̀ tí ó ń ya àwọn ewé, ariwo yẹn àti lẹ́tà jọ ń jáde pọ̀ ni, ní nǹkan bí mìlímítà 2.2. Ìka kò tún ní láti kanlẹ̀ kí ó tó dá a lójú. Kíbọ́ọ̀dù Model M tí IBM ṣe ní 1985 gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà: sípíríǹgì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, títẹ̀ náà ni ó ń dún, òun náà ni ó sì ń ti òòlù kékeré tí ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kò sí èyí tó yẹ kí ènìyàn tẹ̀ lóru nínú yàrá tí ẹlòmíràn ń sùn sí nínú àwọn méjèèjì.

Fífẹ̀ ẹ̀wù yẹn náà ni ó ń fa àléébù ti búlúù. Nígbà tí ọ̀pá bá ń padà sókè, ike búlúù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin àlàfo tí ó wà nínú ẹ̀wù já kí ó tó lè gbé e dìde, nítorí náà bọ́tìnì gbọ́dọ̀ gòkè kọjá ibi tí lẹ́tà ti jáde dáadáa kí ó tó lè kọ òmíràn. Ẹni tí ó bá ń tẹ "kaaaro" láìfi àmì sí i yóò mọ èyí lórí "a" mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra: lórí ti pupa, ìka lè máa gbọ̀n pẹ́pẹ́ láàárín ọ̀nà kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jáde, lórí ti búlúù, bí kò bá gbé ọwọ́ sókè dáadáa láàárín wọn, méjì ni yóò rí.