Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Tún Àgbàlá Rear Window Kọ́

Nínú Rear Window, fíìmù tí Alfred Hitchcock gbé jáde ní 1954, ojú fèrèsé kan ni a ti ń wo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. James Stewart, tí fọ́tò yíyà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìtàn náà, ti kán lẹ́sẹ̀. Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló jókòó sí tó ń yọjú wo àwọn aládùúgbò, títí ó fi fura pé ọ̀kan nínú wọn, Thorwald, ti pa ìyàwó ẹ̀. Greenwich Village ní New York ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni o. Inú gbọ̀ngàn Stage 18 ní Paramount, ní Hollywood, ni wọ́n kọ́ gbogbo ẹ̀ sí: fúláàtì 31, àkàbà irin, ọgbà òdòdó, ọ̀nà kọ̀rọ̀ tó já sí títì, àti ilé ìjẹun tí à ń rí fírífírí ní òdìkejì títì náà. Gbọ̀ngàn ò ga tó, ni wọ́n bá tú ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sọ àjà ilẹ̀ di àgbàlá. Fúláàtì Stewart tó dà bíi pé òkè ló wà, ibi tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Wọ́n ti wó sẹ́ẹ̀tì yẹn tipẹ́. Ohun tó kù ni fíìmù, fọ́tò tí wọ́n yà lásìkò iṣẹ́, àti ìwé. Ní 2012, Jeff Desom, ọmọ Luxembourg, lẹ àwọn àwòrán àgbàlá inú fíìmù náà pọ̀ di àwòrán gbọọrọ kan ṣoṣo tí gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ti ń lọ lójú kan. Iṣẹ́ takuntakun ni, àmọ́ pẹlẹbẹ ni àwòrán náà. Mọ́dẹ́ẹ̀lì orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè wọ inú ẹ̀ rìn ń bèèrè ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbọ́dọ̀ mọ bí ògiri kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó.

Ẹ̀dà fíìmù tí wọ́n máa lò ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ẹ̀dà tí wọ́n gé létí kó lè bá tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mu máa ń da iṣẹ́ rú, torí pé àárín àwòrán ti kúrò níbi tí àárín lẹ́ǹsì wà, gbogbo ìṣirò tó bá sì tẹ̀lé e á wọ́. Láti inú ẹ̀dà tó dáa, wọ́n á ṣa férémù, ìyẹn ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fíìmù, tó mọ́lẹ̀ kedere, tí èèyàn ò dí ògiri rẹ̀, tí kámẹ́rà ò sì mì. Fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ tún wúlò gan-an, torí òun ló máa ń fi etí sẹ́ẹ̀tì hàn, níbi tí bíríkì ti parí tí igi tó gbé e dúró ti bẹ̀rẹ̀. Àkójọ ìwé Hitchcock àti ti Paramount wà ní Margaret Herrick Library ní Beverly Hills, fún ẹni tó bá lè dé ibẹ̀.

Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi férémù kọ̀ọ̀kan: níbo ni kámẹ́rà wà? Ìdáhùn ń bẹ lára àwọn ìlà. Etí òrùlé, ẹsẹ bíríkì (ìyẹn ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n to bíríkì sí) àti ìsàlẹ̀ fèrèsé lára ògiri kan náà kì í pàdé lójú ayé, ṣùgbọ́n tí a bá fà wọ́n gùn nínú fọ́tò, wọ́n á forí kò síbì kan. Tí a bá ti rí oríkò bẹ́ẹ̀ méjì, láti ara ògiri méjì tó pàdé ní igun, kọ̀ǹpútà lè ṣírò bí ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí kámẹ́rà kọjú sí. Iṣẹ́ tí ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ fSpy ń ṣe nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni. Blender, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, á gba kámẹ́rà náà wọlé, wọ́n á sì máa kọ́ ògiri síwájú férémù títí etí méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́ǹsì 50 mìlímítà lórí fíìmù 35 mìlímítà máa ń rí nǹkan bíi dígírì 25 ní ìbú. Tí ìṣirò bá gbé dígírì 60 jáde fún férémù tó hàn gbangba pé lẹ́ǹsì gígùn, èyí tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni tí kì í sì í rí ibi tó fẹ̀, ni wọ́n fi yà á, ẹ padà sídìí àwọn ìlà yín.

Níbi tó kù, Rear Window le ju ọ̀pọ̀ fíìmù lọ. Kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ jíjìn, ó ní láti rí nǹkan kan náà láti ibi méjì tó jìnnà síra. Hitchcock ò gbà. Kámẹ́rà Robert Burks, ẹni tó ya fíìmù náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò ní yàrá Stewart. Ọrùn ló ń yí sọ́tùn-ún sósì, kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Yíyí ọrùn nìkan ò sì lè sọ jíjìn fún ẹnikẹ́ni: ilé ńlá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán àti ilé kékeré tó wà nítòsí lè rí bákan náà. Bí ẹni di ojú kan tó fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni. Lẹ́ǹsì gígùn tí wọ́n fi ń wo ilé Thorwald tún dá kún un, torí ó máa ń mú kí ògiri ẹ̀yìn yàrá dà bíi pé ó lẹ̀ mọ́ fèrèsé.

Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba férémù tí wọ́n yà lóde fi níye lórí. Nígbà tí wọ́n pa ajá, tí obìnrin tó ni ín ń ké mọ́ gbogbo àdúgbò, kámẹ́rà jáde sínú àgbàlá. Ní ìparí, tí Stewart rọ̀ dirodiro lójú fèrèsé kó tó já bọ́, a tún rí ibẹ̀ láti igun mìíràn. Ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn. Fèrèsé tó bá hàn láti yàrá Stewart, tó tún hàn láti àgbàlá, ẹ fa ìlà kọ̀ọ̀kan sí i láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà méjèèjì: ibi tí ìlà méjì náà ti gé ara wọn ni fèrèsé náà wà. Stewart fúnra ẹ̀ ṣe ohun tó jọ ọ́ nínú ìtàn náà. Ó fi síláìdì tó ti yà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú wé ọgbà tó wà níwájú ẹ̀, ó rí i pé àwọn òdòdó kan ti kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gbà pé ẹnì kan ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, wàhálà kékeré kan lèyí: ó gbọ́dọ̀ yan ọjọ́ tí àgbàlá rẹ̀ máa jẹ́, nítorí ọgbà ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kọ́ ni ọgbà ìparí rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, mọ́dẹ́ẹ̀lì ò tíì ní ìwọ̀n. Ó lè tóbi bí ilé, ó lè kéré bíi páálí bàtà, nǹkan kan náà ni kámẹ́rà máa rí. Bíríkì ló ń tú u. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ bíríkì mẹ́ta pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì àárín wọn sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 8. Lóòótọ́, ohun tí Hollywood ń fi ṣe ògiri bíríkì nínú gbọ̀ngàn ni P.O.P. tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù, àmọ́ ara bíríkì gidi ni wọ́n ti ń mú mọ́ọ̀dù náà. Wọ́n á ka ẹsẹ bíríkì, wọ́n á fi ìlẹ̀kùn yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó máa ń ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8. Tí méjèèjì ò bá bára mu, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ya sẹ́ẹ̀tì dìídì dín àwọn ohun tó jìnnà kù ni, kí ojú lè rò pé ibẹ̀ jìn jù bó ṣe jìn lọ. Ẹ̀tàn yìí wọ́pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lọ "tún un ṣe" kó lè jọ ilé gidi ti ba iṣẹ́ jẹ́. Sẹ́ẹ̀tì là ń kọ́, a ò kọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ iná náà ò yàtọ̀. Oòrùn kan ṣoṣo tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń fúnni ò lè ṣe é, torí pé kò sí oòrùn nínú Stage 18. Àtùpà rẹpẹtẹ ló wà lájà, tí wọ́n tò fún àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti òru, òjìji tí wọ́n ń jù sílẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Òjìji wọ̀nyẹn ni wọ́n ń tọ̀ padà láti mọ ibi tí àtùpà wà. Àwọ̀ ògiri náà, ẹ má kàn gé e láti inú férémù. Àwọ̀ iná àti ti kẹ́míkà inú fíìmù ti wà nínú ẹ̀.

Ohun tí fíìmù ò fi hàn ńkọ́? Ilé ìdáná Thorwald kọjá ibi tí fèrèsé mọ, fún àpẹẹrẹ. London Charter, ìlànà tó wà fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ohun àjogúnbá, sọ pé kí ẹni tó ń wò ó lè mọ èyí tó ní ẹ̀rí àti èyí tó jẹ́ àbá. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ohun tí a rí láti ibi méjì ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ohun tí a rí lẹ́ẹ̀kan ní tirẹ̀, kí àbá wà ní ẹyọ àwọ̀ eérú láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì tó rẹwà jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn máa fojú kejì wò wọ́n.

Tó bá wá ku kí wọ́n gbé e sórí fóònù tàbí inú géèmù, bíríkì tí wọ́n gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan á wúwo jù. Wọ́n á sọ ògiri ọ̀ọ́kán di pẹlẹbẹ tí àwòrán bíríkì wà lára ẹ̀, ibi tí èèyàn lè sún mọ́ nìkan ni wọ́n á fi kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.